Ọjọ́ Tí Ẹyẹlé Bá Íntánẹ́ẹ̀tì Díje

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kọ́ládé, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, bá mi níbi tí mo ti ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé háàdì dísìkì méjì. Mo wé wọn tán, mo kó wọn sínú páálí bàtà, mo fi téépù lẹ̀ ẹ́ yíká, mo ní kó gbé e lọ sí gáréèjì Ìwó Road, kó fi ṣe wébíìlì sí Ọ̀jọ́ta. Kò gbà á. Ó dúró, ó ń wò mí.

“Àǹtí, ṣebí íntánẹ́ẹ̀tì la ń tà níbí?”

Òótọ́ ló sọ. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì n'Íbàdàn: mo ń gun òpó, mo ń so okùn fáíbà, mo ń fi òru wá ibi tí wáyà ti já. Ṣùgbọ́n oníbàárà wa kan ní Bódìjà ya fídíò ìgbéyàwó ọlọ́jọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60 GB. Èkó ni ẹni tó máa tò ó pọ̀ wà, ó sì fẹ́ rí i kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ìlà tí oníbàárà wa ń sanwó fún kò lè gbé ju megabit kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, megabit 8,000 ló sì wà nínú GB kan. Mo jókòó ti Kọ́ládé, a jọ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí bàtà náà. Á gbà tó ọjọ́ márùn-ún àbọ̀, ìyẹn tí iná ò bá lọ, tí nẹ́tíwọ̀kì ò sì já. Wákàtí mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì máa fi dé Ọ̀jọ́ta. Pín 60 GB sí wákàtí mẹ́ta, wàá rí i pé megabit 44 ni awakọ̀ yẹn ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èrò mẹ́rìnlá àti àpò gàrí wọn.

Ẹnu ya ọmọ náà. Mo ní kó lọ sáré gbé ẹrù dé gáréèjì ná, pé tó bá dé, màá sọ ìtàn ẹyẹlé Durban fún un. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní irọ́ ni. Òun ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i kà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ilé iṣẹ́ kan ní Gúúsù Áfíríkà, Unlimited IT, gbé ìdíje kan kalẹ̀. Ọ́fíìsì wọn kan wà ní Howick, nítòsí Pietermaritzburg, ibi tí wọ́n ń fi dátà ránṣẹ́ sí sì wà ní Hillcrest, nítòsí Durban. Bíi 80 kìlómítà ni ọ̀nà náà. Bí dátà ṣe máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà yẹn ti sú wọn, títí òṣìṣẹ́ kan fi sọ pé ẹyẹlé gan-an á yá ju èyí lọ. Wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá ẹyẹlé kan, ọmọ oṣù mọ́kànlá, Winston lorúkọ rẹ̀. Wọ́n so dátà 4 GB mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dátà kan náà ránṣẹ́ lórí ìlà ADSL, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà tẹlifóònù, ti Telkom, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wọn níbẹ̀. Wọ́n ṣe òfin fún ìdíje o: ológbò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí oògùn agbára nínú oúnjẹ ẹyẹlé.

Winston fò fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wọ́n tú ẹrù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ wákàtí 2, ìṣẹ́jú 6 àti àáyá 57. Ní gbogbo àkókò yẹn, 4% péré ló ti gba orí wáyà kọjá. Telkom fèsì pé àwọn kọ́ ló fà á tí ìlà ilé iṣẹ́ náà fi ń lọ́ra, ó sì yẹ kí ń sọ ìyẹn náà, torí mo mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n máa bú ẹni tó ta ìlà nígbà tó jẹ́ pé wáyà inú ilé oníbàárà ló ti jẹrà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò ṣe ojúsàájú. Tí a bá ṣírò rẹ̀, Winston gbé megabit mẹ́rin àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdá kan nínú márùn-ún megabit kan ni wáyà ò gbé tó.

Ìtàn yìí kò yà mí lẹ́nu tó bó ṣe ya Kọ́ládé, nítorí pé mo dàgbà sídìí ẹyẹlé. Bàbá àgbà mi ní Ìṣẹ́yìn sìn wọ́n títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè. Pákó ni ilé ẹyẹlé náà, ó wà lẹ́yìn ìdáná, ojú ihò méjìlá ló ní. Ọkà bàbà ni Bàbá máa ń fọ́n sílẹ̀ fún wọn láàárọ̀ kí àwọn fúnra wọn tó fẹnu kan ohunkóhun. Tí ẹnikẹ́ni bá ra ẹyẹlé lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kìlọ̀ fún un pé kó gé ìyẹ́ apá rẹ̀, kó sì sé e mọ́lé títí tó fi máa yé, tó fi máa pamọ. Ọkùnrin kan láti Òkèihò kò gbọ́. Ó ra akọ kan àti abo kan lọ́jọ́ ọjà, ó gbé wọn lọ nínú apẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, akọ ti padà sójú ihò tirẹ̀, ó ń ké bí ẹni pé kò rìnrìn-àjò kankan. Bàbá gbé e lé mi lọ́wọ́, a jọ wọ mọ́tò lọ dá a padà fún ọkùnrin náà, nítorí wọ́n ti gbowó rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo rántí bí àyà ẹyẹ náà ṣe ń lù kìkì ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Inú mọ́tò yẹn ni Bàbá ti sọ fún mi pé, “Ṣé o gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ẹyẹ ilé ni. A ò pè é ní ẹyẹ ẹni tó rà á.”

Ohun tí ẹnjiníà ní láti mọ̀ nípa ẹyẹlé wà nínú orúkọ yẹn. O ò lè rán an lọ síbi tó wù ọ́. Ilé rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní. Tí o bá fẹ́ kí èsì padà, o gbọ́dọ̀ ti gbé ẹyẹlé tó jẹ́ ti ilé tìrẹ lọ sọ́hùn-ún ṣáájú. Paul Julius Reuter, ẹni tí ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lo ọgbọ́n yìí ní 1850. Wáyà tẹligíráàfù láti Berlin parí sí Aachen ní Jámánì, ti Paris parí sí Brussels ní Bẹ́ljíọ̀m, kò sì sí wáyà kankan láàárín méjèèjì. Ẹyẹlé ló fi dí àlàfo náà. Ọkọ̀ ojú irin á kó àwọn ẹyẹ lọ, àwọn ẹyẹ á gbé ìròyìn bọ̀ wálé, wọ́n á sì dé ṣáájú ọkọ̀ ojú irin ní wákàtí bíi mélòó kan.

Wàyí o, àwọn tó ń ṣètò bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ máa ń gbé òfin wọn jáde nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC. Ìwé tó le koko ni, àwa tó ń fi í jẹun gan-an kì í fi í pa àkókò. Ọjọ́ kan ló yàtọ̀ lọ́dún: ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, tí àwọn òyìnbó ń fi irọ́ dápàárá. Ní ọjọ́ yẹn ní 1990, David Waitzman gbé RFC 1149 jáde, ó sì ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ẹyẹ gbé dátà íntánẹ́ẹ̀tì. Ohùn òfin gidi ló fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Tẹ ìdì dátà náà sórí ìwé pélébé, ká a mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ, fi téépù dè é. Ó ní bí ẹyẹ bá ṣe ń dàgbà sí i ni ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé máa ń pọ̀ sí i. Ó tún ní ẹyẹ ní agbára láti rí kòkòrò, kó sì pa á run, torí “worm”, tó túmọ̀ sí ekòló, ni wọ́n ń pe irú àrùn kọ̀ǹpútà kan, ẹyẹ wo ni kò sì ń jẹ ekòló?

Ó padà sórí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kan náà ní 1999, nínú RFC 2549. Ibẹ̀ ló ti fi ògòǹgò kún un fún ẹrù ńláńlá. Ògòǹgò lè gbé púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í yá, ó sì máa ń nílò “bridge”, ìyẹn afárá, torí kò lè fò. “Bridge” yìí kan náà lorúkọ ẹ̀rọ kan tí àwa ń fi so nẹ́tíwọ̀kì méjì pọ̀. Ó kìlọ̀ pé ìdì dátà lè ṣèèṣì bá ara rẹ̀ nínú àṣá, àti pé bí wọ́n bá máa tú u jáde níbẹ̀, jákujàku ló máa rí. Mo ka èyí fún ìyá mi ní Yorùbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹni tí àṣá ti gbé ọmọ adìyẹ rẹ̀ rí kò nílò àlàyé.

Àwọn ará Bergen ní Nọ́wè wá mú ẹ̀fẹ̀ náà, wọ́n ṣe é. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ping. Bí oníbàárà bá pè wá pé nẹ́tíwọ̀kì ò lọ, ping la kọ́kọ́ ń ṣe: kọ̀ǹpútà kan á ránṣẹ́ kékeré sí èkejì, ìyẹn á dá a lóhùn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n rò ó bí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Àgò o!” Tí onílé bá dáhùn pé, “Àgò yà!”, a mọ̀ pé ọ̀nà là. Lẹ́yìn náà la ó wo bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó. Láti Ìbàdàn sí Èkó lórí fáíbà, ìdáhùn ti dé kí o tó ṣẹ́jú.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2001, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní Bergen àti àwọn tó ń sin ẹyẹlé níbẹ̀ fi ẹyẹlé kan àgò. Nǹkan bíi 5 kìlómítà ni ọ̀nà náà. Wọ́n tẹ ping sórí ìwé, wọ́n ká a mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ, ẹyẹ fò. Wọ́n fi ẹ̀rọ ka ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà yẹn dáhùn, wọ́n tẹ ìdáhùn sórí ìwé, wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹlé mìíràn tí ilé rẹ̀ wà ní ìhà kejì. Àgò mẹ́sàn-án ni wọ́n kàn. Mẹ́rin ló rí ìdáhùn. Èyí tó yá jù lọ gba ìṣẹ́jú 53 ó lé díẹ̀, èyí tó pẹ́ jù lọ gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 46. Kọ̀ǹpútà sì kọ èsì náà jáde bó ṣe máa ń kọ ọ́ fún mi lójoojúmọ́: ìdì mẹ́sàn-án lọ, mẹ́rin dé, 55% sọnù.

Ìhín ni mo ti ní kí Kọ́ládé dúró, kó wo ìtàn méjèèjì pọ̀. Ní Bergen, ẹyẹlé lo bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ pé “Àgò yà.” Ní Durban, ẹyẹlé ya íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹyẹ kan náà ni, apá kan náà ló fi fò. Ẹrù ẹsẹ̀ wọn ló yàtọ̀: ti Bergen gbé byte 64, ti Durban gbé 4 GB, bílíọ̀nù byte kan ló sì ń jẹ́ GB kan. Bí oníbàárà bá bi mí pé, “Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì yín yára?”, ìbéèrè méjì ló bi mí láìmọ̀. Ọ̀kan ni bí ẹrù tí ọ̀nà lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó. Èkejì ni bí àgò ṣe ń pẹ́ tó kó tó rí ìdáhùn. Ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lórí fídíò, àgò ló nílò. Oníbàárà wa ní Bódìjà, ẹrù ló ní. Owó ẹni tó da méjèèjì pọ̀ á ṣòfò. Mo ti rí báǹkì abúlé tó fi owó ńlá ra VSAT, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí sátẹ́láìtì, tí abọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ ìságbàdo, wọ́n sì ń ṣépè fún un lójoojúmọ́ torí pé bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, ó ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Kò sí ohun tó ṣe abọ́ náà. Sátẹ́láìtì yẹn wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sókè, àgò gbọ́dọ̀ gòkè, kó sọ̀, ìdáhùn náà á gòkè, á sọ̀. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ti lọ nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ gan-an ò lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí, mo lè rán an lọ sọ́dọ̀ oníbàárà lóun nìkan.

Ìtàn ẹyẹlé mìíràn wà tí mi ò lè fi sílẹ̀. Ní 1964, ní Holmdel, ní New Jersey, Arno Penzias àti Robert Wilson ti Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ń lo àńtẹ́nà ńlá kan tó rí bí ìwo láti gbọ́ ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run. Ariwo kan wà nínú rẹ̀ tí kò lọ. Ọ̀sán, òru, ibi yòówù kí wọ́n kọjú ìwo náà sí, ariwo yẹn wà. Wọ́n wo inú ìwo, wọ́n bá ẹyẹlé méjì tó ti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n sì ti yàgbẹ́ sí gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n gbọ́n ọn mọ́, wọ́n mú àwọn ẹyẹ náà, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí Whippany, ìlú mìíràn ní New Jersey, kí wọ́n jọ̀wọ́ wọn síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n padà wá. Bàbá mi àgbà ì bá ti sọ fún wọn. Ìbọn ni wọ́n fi pa wọ́n nígbẹ̀yìn, ó sì dùn mí títí dòní, torí pé ariwo náà kò lọ. Ẹyẹlé kọ́ ló ń pa á. Ooru tó ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo àgbáyé ni wọ́n ń gbọ́, ohun tó ti wà lójú ọ̀run kí ilẹ̀ ayé tó wà. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1978. Pákúté tí wọ́n fi mú àwọn ẹyẹlé náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà.

Kọ́ládé ní ó dáa, ṣùgbọ́n ìtàn àtijọ́ nìyẹn, pé lóde òní kò sẹ́ni tó tún ń ru dátà kiri. Mo fi fọ́tò ihò dúdú, ohun kan lójú ọ̀run tó ń fa nǹkan mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ gan-an ò lè jáde nínú rẹ̀, hàn án lórí fóònù mi, ìyẹn fọ́tò òrùka pupa tó gba gbogbo ayé kan ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 2019. Ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ mẹ́jọ ló jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ láti wo ojú ọ̀run ní oṣù kẹrin 2017, láti Hawaii dé Spain, láti Chile dé òpin ayé lápá gúúsù níbi tí yìnyín kì í yọ́. Dátà wọn tó nǹkan bíi petabyte márùn-ún, ìyẹn mílíọ̀nù márùn-ún GB. Kò sí okùn tó lè gbé e lásìkò. Orí háàdì dísìkì ni wọ́n kó o sí, wọ́n kó dísìkì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Massachusetts ní Amẹ́ríkà àti sí Bonn ní Jámánì. Àwọn dísìkì tó wà ní gúúsù òpin ayé ní láti dúró fún oṣù mélòó kan, torí ọkọ̀ òfuurufú kì í balẹ̀ síbẹ̀ nígbà òtútù. Gbogbo àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn jókòó, wọ́n ń retí wébíìlì.

Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó kàn béèrè bóyá wọ́n fi ìwé ìròyìn wé tiwọn náà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, MainOne, WACS, SAT-3 àti ACE, já nítòsí Abidjan ní Ivory Coast lọ́jọ́ kan náà, fóònù mi kò sinmi láti àárọ̀. Báǹkì ò lè ṣiṣẹ́, ilé ìwé ò lè ṣe ìdánwò. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo gbé dísìkì méjì sínú àpò ìkọ́pá mi, mo wọ ọ̀kadà, mo kó iṣẹ́ oníbàárà kan láti Dùgbẹ̀ lọ sí Òkè-Àdó. Iṣẹ́ wọn kò dúró lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣì ń fi ọjọ́ náà yangàn.

Dísìkì ti Bódìjà náà dé Ọ̀jọ́ta láago méjì ààbọ̀. Àmọ́ Kọ́ládé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹyẹlé tán síbẹ̀. Ó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú mẹ́mọ́rì káàdì kékeré, irú èyí tó ń wọ fóònù, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ tó ń gba terabyte kan báyìí, ìyẹn 1,000 GB. Ó ti ṣírò rẹ̀: tí ẹyẹlé bá gbé e fún wákàtí méjì, ju gigabit kan, ìyẹn megabit 1,000, lọ ló ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ga ju fáíbà tó wọ ọ́fíìsì wa lọ. Mo ní kó má gbàgbé àkókò tí wọ́n máa fi kó dátà wọ káàdì àti èyí tí wọ́n máa fi kó o jáde, bí àwọn ará Durban ṣe kà á mọ́ ti Winston. Ó padà lọ ṣírò rẹ̀. Nọ́ńbà náà wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣì ga ju ìlà oníbàárà wa ní Bódìjà lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Mo pe Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi tó jogún ilé ẹyẹlé náà. Mo ní a fẹ́ wá mú ẹyẹlé méjì ní Ìṣẹ́yìn wá sí Ìbàdàn nígbà ìsinmi Àjíǹde, ká so ohun kékeré kan mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ká jọ̀wọ́ wọn. Wọ́n bi mí bí nǹkan náà ṣe wúwo tó. Mo ní kò wúwo ju ẹyọ ẹ̀wà mélòó kan lọ.

“Ẹ wá mú wọn,” ni wọ́n wí. “Ẹ má gé ìyẹ́ wọn o. Ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ lọ́sàn-án kí ẹ tó jọ̀wọ́ wọn, ẹyẹlé kì í rìn lóru.”